Tánkì Tí Tíṣà Àkànjí Yá

Kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, wàrà. Kí Àkànjí tó mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa ló ti mọ ìró yìí. Ọkọ́ bàbá rẹ̀ á bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé lẹ́ẹ̀mejì, yẹ̀pẹ̀ á sì yí dànù. Nínú abà wọn tó wà láàárín Inísà àti Òkukù, ìró náà ló ń jí i láàárọ̀, òun náà ló ń mú un sùn lọ́sàn-án lábẹ́ igi kajú. Bàbá rẹ̀ gbà pé koríko tí kò bá tíì gbọ́ ìró ọkọ́ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń ro oko ẹ̀pà, kì í dín, kì í lé, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló máa ń pe ọmọ kó tó nà án.

Àkànjí dàgbà, ó di tíṣà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ìkìrun àti Inísà, kó tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí oko bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ń gbàgbé pé ènìyàn lè bá òun jiyàn. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òṣèlú, ó mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó mọ̀ ọ́n. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀pà, kí kálukú tètè wá àga jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ní í tètè tán.

Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́dára, nìkan ni kì í jókòó. Òun ló ń fún òróró nínú ẹ̀pà tí ọkọ rẹ̀ bá gbìn. Á yan án, á lọ̀ ọ́, á pò ó pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí òróró á fi máa sun jáde lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Jọkẹ́, obìnrin kan tó ń dín pọ́fù-pọ́fù àti ṣín-ṣín fún àwọn iléèwé ní Ìkìrun, ló ń ra èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyẹn ló sì sọ Ọmọ́dára di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olóróró láti Inísà dé Ìkìrun, orúkọ tó fẹ́ràn ju Ìyàwó Tíṣà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan yí padà. Òróró náà ń hó bí ọṣẹ nínú agbada, gbogbo ohun tí Jọkẹ́ bá sì dín nínú rẹ̀ ń fi ìkorò kan sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Jọkẹ́ kò jà. Ó kúnlẹ̀ kí Ọmọ́dára, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé e lọ́wọ́ padà níṣojú àwọn oníbàárà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo ṣì máa gba kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ yín láti dán an wò. Tó bá tún korò, ará Ìbà kan ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá máa ra tòun."

Kíkúnlẹ̀ yẹn ló dun Ọmọ́dára jù. Ká ní ó bú òun ni, òun ì bá mọ èsì tí òun máa fọ̀. Tíṣà ní tirẹ̀ sọ pé ṣúgà ló ti ba ahọ́n àwọn ọmọ ìwòyí jẹ́, pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀pà òun.

 Ọmọ́dára bu ẹ̀pà náà sínú abọ́, ó gbé e tọ Ayọ̀mídé lọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Inísà, tó sì máa ń lọ jọ́sìn ní Ìkìrun ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ayọ̀mídé da ẹ̀pà náà sórí tábìlì, ó pín in sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan gbó, wọ́n kún dáadáa. Àwọn kan hunjọ bí ojú arúgbó. Àwọn kan sì ti bu lábẹ́ èèpo pupa wọn. Ó ní àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ló ń ba òróró jẹ́, àti pé inú koríko ni wọ́n ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni gbogbo ìjà, bó ṣe sọ fún un. Tí koríko bá bá ẹ̀pà jẹun pọ̀ láàárín ìgbà náà, àwọn èso kò ní í gbó lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Èyí tí kò gbó kì í ní òróró púpọ̀, ìwọ̀nba tó bá ní náà kì í pẹ́ tó fi máa ń korò. Èyí tó sì ti gbó á máa dúró de àwọn yòókù nínú ilẹ̀ tútù títí á fi bu. Ó tún kì í nílọ̀ nípa ọkọ́. Tí òdòdó ẹ̀pà bá ti rọ, á na nǹkan bí abẹ́rẹ́ wọlẹ̀, orí abẹ́rẹ́ yẹn sì ni ẹ̀pà máa so sí. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ débẹ̀ nígbà náà, ọmọ inú ló ń ṣá. Paríparì rẹ̀, ó fún un ní ìgò ajílẹ̀ olómi kan tó dúdú bíi tíì, èyí tí wọ́n ń po mọ́ omi fín sára ewé nígbà tí ẹ̀pà bá ń tanná, nítorí ilẹ̀ tó ti ṣá kò lè dá bọ́ ọmọ inú.

Nígbà tí Ọmọ́dára délé tó ròyìn, Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilẹ̀kùn mú. Ewé ń jẹun? Ẹnu dà? Eyín dà? Kò rẹ́rìn-ín nílé nìkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ Áńgílíkà, ó ṣe bí ewé tó ń jẹ iyán fún wọn níbẹ̀, gbogbo ìpàdé sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ibẹ̀ ló ti so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi pa ogójì ọkùnrin lẹ́rìn-ín, kò rọrùn láti yí i padà.

"Ẹ jẹ́ ká fi okùn la oko náà, Bàbá Ìbùkún," ni Ọmọ́dára wí. "Ẹ mú apá òsì, kí n mú apá ọ̀tún. Èyí tó bá dára jù, òróró rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ Jọkẹ́. Ìkejì, ká máa fi din ata nílé."

"Múra láti jẹ ata dídín púpọ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ so okùn.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbin ẹ̀pà, Ọmọ́dára pe Titus, géńdé kan tó máa ń gbé tánkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn láti Inísà dé Èkó-Ẹ̀ǹdé, tó ń bá àwọn ènìyàn fín oko. Titus fín oògùn tí kì í jẹ́ kí koríko hù sórí ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀pà tó yọjú. Oṣù kan gbáko, ilẹ̀ náà mọ́ bí iwájú ilé ìyàwó tuntun. Ìwọ̀nba èpò tó yọrí lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni Ọmọ́dára fi ń fà á, á máa bá a wí bó ṣe ń fà á.

Ní àràárọ̀, Tíṣà á wá dúró lẹ́bàá okùn pẹ̀lú orín lẹ́nu.

"Ìyá Ìbùkún, báwo ni àwọn aláìsàn rẹ? Ṣé wọ́n ti lo oògùn àárọ̀?"

"Wọ́n ti lò ó, sà. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n tún ní kí n béèrè ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn wà, pé àwọn ń gbọ́ ohùn wọn nínú igbó, àwọn ò sì rí wọn."

Òótọ́ ni wọn ò lè rí wọn. Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, Tíṣà sì tún jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìsìnkú méjì pa pọ̀. Nígbà tó fi máa gbé ọkọ́ dé oko, koríko eéran ti ga ju ẹ̀pà lọ. Ó ro ó. Ó tún un ro. Nígbà tí òdòdó pupa rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ó ro ẹ̀ẹ̀kẹta bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ó ń ṣá àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn káàkiri, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ìró ọkọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó nàró lẹ́bàá okùn, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ẹ̀pà ìyàwó rẹ̀, tó ti fi ìgbálẹ̀ wọ́n ajílẹ̀ sí lára, dúdú minimini. Tirẹ̀ dà bí ọmọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ tútù nìkan tọ́.

Tíṣà kò sùn dáadáa ní òru yẹn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, tí Ọmọ́dára lọ kí ẹni tó bímọ ní Ìkìrun, ó wọ yàrá iṣu, ó gbé ìgò ajílẹ̀ olómi náà. Ó bu ife kan nínú rẹ̀. Kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ̀, ó wá ohun tó jọ ọ́ láti fi dípò rẹ̀, kò sì wá a jìnnà: tíì oníṣúgà tó ń mu lọ́wọ́ wà lórí tábìlì. Ó rọ tíì náà sínú ìgò, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tó ń fún ọmọ ní máàkì tó pé.

Tánkì ló wá kù. Titus ló ní tánkì.

"Tíṣà, ẹ̀yin kẹ̀?" ni Titus wí nígbà tó rí i. "Ẹ̀yin tí ẹ ní tánkì ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Bí Àkànjí bá sọ pé oúnjẹ ewé ni, ọ̀rọ̀ náà á ti dé ẹgbẹ́ ọkùnrin kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní, "Koríko ẹ̀yìn ilé mi ni. Ó ti ga débi tí ejò lè fi ṣe ilé."

"Tó bá jẹ́ koríko ni, ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀," ni Titus dáhùn. "Ìyẹn ò nílò fífọ̀."

Ẹni tó ń pa irọ́ kì í ráyè gbọ́ èsì. Àkànjí gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ó da ajílẹ̀ inú ife náà àti omi sínú tánkì, ṣùgbọ́n kò fín gbogbo apá tirẹ̀. Ibi tó dára díẹ̀, tó súnmọ́ okùn, ló yàn, nítorí ibẹ̀ ni ojú Ọmọ́dára máa kọ́kọ́ bà. Ó fín in kínníkínní, ó ń kun orin ìjọ, kò fo ewé kan. Ohun tí kò mọ̀ ni pé oògùn tó ń pa gbogbo ewé láìyàn ni Titus gbé wá láti Èkó-Ẹ̀ǹdé nínú tánkì náà lánàá, ìyókù rẹ̀ sì ṣì wà ní ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ewé náà rọ̀ díẹ̀. Tíṣà ní ó ń sinmi lẹ́yìn oúnjẹ ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó pọ́n. Tíṣà ní àwọ̀ tuntun ló ń gbé wọ̀. Lọ́jọ́ keje, ó gbẹ gbúrúgbúrú, ìlà gbígbẹ náà sì tẹ̀ lé okùn lọ gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Bó bá jẹ́ eṣú ló jẹ ẹ́, kò ní mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nílé, Ọmọ́dára fẹ́ wọ́n ajílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ gbé ìgò náà. Èèrà ti bò ó láti ìdérí dé ìdí. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò létí ètè, ó rò ó títí.  Ó dà á nù, ó lọ gba ìgò mìíràn lọ́wọ́ Ayọ̀mídé, ó wọ́n ọn sára ẹ̀pà rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ lẹ́bàá okùn, ó ń wo òkú apá kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Titus wá gba tánkì rẹ̀. Tọkọtaya náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Koríko ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Ṣé ó ti kú?"

"Koríko wo?" ni Ọmọ́dára béèrè.

Titus, tí kò ní ẹ̀tàn nínú, ṣàlàyé látòkèdélẹ̀. Ó ní Tíṣà ló yá tánkì láti pa koríko ẹ̀yìn ilé, pé òun ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ ara wọn lẹ́nu láti fọ oògùn inú rẹ̀. Ọmọ́dára dìde, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó wo koríko tó ga dé orókún rẹ̀, tó tutù yọ̀yọ̀. Ó padà wá. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ sì ń wo àjà.

"Ó ti kú, Titus," ló wí jẹ́ẹ́. "Ikú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe é gbọ́ létí. Ẹ ṣé o."

Bí Titus ṣe yí ẹ̀yìn padà, Ọmọ́dára wọ ilé ìdáná lọ. Tíṣà gbọ́ tí ìkòkò kan ṣubú, ó gbọ́ tí nǹkan kan ń lu ògiri, ó sì mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó òun ni, pé ẹ̀rín ló ń rín tó ń fi ń lu ògiri. Nígbà tó jáde, omijé ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbà mí láyè kí n bi yín léèrè kan ṣoṣo, Dókítà," ló wí. "Tíì yẹn, ẹ̀pà mi ni ẹ fẹ́ kó máa mu ún láàárọ̀ àbí lálẹ́?"

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni àánú tó ṣe é, ìyẹn náà sì ni ìyà tó fi jẹ ẹ́, nítorí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dání bí ẹni gbé ẹyin, á máa fi hàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kò tíì fọ́. Tó bá fẹ́ kó pọnmi, á kàn bi í bóyá ẹgbẹ́ ọkùnrin máa ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí. Tíṣà á ti gbé kẹ́ẹ̀gì. Tíṣà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ló ń bá a fọ abọ́ láyé àtijọ́ wá di ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tí wọ́n hú ẹ̀pà, kò sí ẹni tí wọ́n ní kó ṣe adájọ́. Tí Ọmọ́dára bá fa ìdí kan, ẹ̀pà á so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí àwọn ọmọ lẹ́yìn ìyá. Tíṣà á fa tirẹ̀, yẹ̀pẹ̀ á jáde, gbòǹgbò á jáde, ẹ̀pà méjì á tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tijú. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣófo. Nígbà tí wọ́n sá gbogbo rẹ̀ gbẹ tí wọ́n sì pa á tán, ti Ọmọ́dára kún orí ẹní ńlá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti Tíṣà kò kún igbá.

Ọmọ́dára ṣa tirẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó múra láti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Òkukù. Ó fọ kẹ́ẹ̀gì tuntun kan, ó dojú rẹ̀ dé sórí òkúta lágbàlá kó lè gbẹ, ó ní ìdájí ọ̀la ni òun máa yan ẹ̀pà náà, kí Jọkẹ́ lè rí òróró rẹ̀ gbà ní Sátidé.

"Mo ti ṣà á tán, Bàbá Ìbùkún. Mi ò tún ní í wò ó mọ́. Ẹ ṣáà bá mi lé ewúrẹ́."

Bó ṣe lọ tán, Tíṣà jókòó ti ẹ̀pà ìyàwó rẹ̀, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lára. Òróró yìí máa dé Ìkìrun. Wọ́n máa yìn ín. Wọ́n á ní Ìyá Olóróró ti padà. Tí wọ́n bá bi òun ní ìpàdé pé ẹ̀pà ta ni, kí ni òun máa sọ? Ó gbé igbá tirẹ̀. Ó wo ọ̀nà. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí ti Ọmọ́dára, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pò ó lọ pò ó bọ̀, títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín sínú. Báyìí, òróró àwa méjèèjì ni. Kì í ṣe irọ́ mọ́.

Adìyẹ kan rìn wọlé. Dípò kó lé e, ó ju ẹ̀pà díẹ̀ sílẹ̀ fún un nítorí inúdídùn. Adìyẹ náà ṣa ọ̀kan, ó gbé e mì. Ó ṣa ìkejì, èyí tó hunjọ, ó tu ú dànù, ó sì wo Tíṣà. Ó tún mú ìkẹta. Ó tún tu èyí tó hunjọ.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ni Tíṣà bi í. Ó mú ọ̀kan tó hunjọ, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un láti fi han adìyẹ.

Ó korò. Kò korò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ dàbí ẹ̀pà, lẹ́yìn náà ló wá fi nǹkan kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun, tó gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò lọ. Ó mu omi. Kò lọ. Ó wo kẹ́ẹ̀gì tuntun tó dojú dé lórí òkúta, omi ṣì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan ni Jọkẹ́ sọ. Kò sọ méjì. Ojú Tíṣà rí i bí Jọkẹ́ ṣe máa tún kúnlẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, àti bí Ọmọ́dára, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tẹ̀ ba fa koríko, ṣe máa gba kẹ́ẹ̀gì náà padà, láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó bọ́ agbádá kékeré tó wọ̀, ó tẹ́ àpò kan, ó jókòó sílẹ̀.

Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, nítorí àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Ìka ló mọ̀ wọ́n. Èyí tó bá yọ̀ lọ́wọ́, ti Ọmọ́dára ni. Èyí tó bá ta ko ọwọ́, ti òun ni. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ju tirẹ̀ sínú igbá. Nǹkan bí aago kan, Titus ń kọjá lọ, ó kí i láti ojú ọ̀nà, ó béèrè bóyá kí òun wá bá wọn ṣe é, pé iṣẹ́ náà pọ̀ fún ènìyàn kan.

"Rárá," ni Tíṣà dáhùn. "Èmi ni mo dà á pọ̀."

Titus kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ó bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ Tíṣà, ó kúrò níbẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tó rò pé òun ti ṣe tán, ó fi ọwọ́ pín ẹ̀pà náà sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, ó sì rí mẹ́tàdínlógún sí i. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí méjì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò rí nǹkan kan.

Ó da igbá tirẹ̀ sínú ihò tí wọ́n ń sun pàǹtí sí. Ó tẹ́ ẹ̀pà ìyàwó rẹ̀ padà bó ṣe wà, ó fi aṣọ bò ó, ó fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ nítorí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọn èèpo pupa kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà.